Mo sọ òótọ́ nípa ọ̀rẹ́ mi nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní mi ò ní ìfẹ́

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọbáńtokò ni mò ń gbé, níbí ní Abẹ́òkúta. Mo ní ọ̀rẹ́ kan, ọdún kẹsàn-án rèé tá a ti jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin kan náà. Aṣọ ló ń tà ní Ìtòkú. Láti bí ọdún méjì, aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà ló ń tà fún àwọn oníbàárà tó ń ti Èkó wá, á ní ọwọ́ làwọn fi ṣe é, á ní ìyá òun ló pa á láró ní Kẹ́ńta. Ìyá rẹ̀ ti kú tipẹ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, à ń ka Éfésù orí 4 nínú kíláàsì Bíbélì. Olùkọ́ bi wá pé irú irọ́ wo ni onígbàgbọ́ máa ń pa. Mo dìde, mo sọ ti aṣọ yẹn. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ló ń ta aṣọ ní Ìtòkú nínú kíláàsì wa. Ó bú sẹ́kún, ó kó Bíbélì rẹ̀, ó jáde. Kò gbé fóònù mi mọ́. Pásítọ̀ pè mí, wọ́n ní òótọ́ ni mo sọ o, àmọ́ mi ò ní ìfẹ́, kí n lọ bẹ̀ ẹ́. Kí ni mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ fún? Ṣé òótọ́ ti di ẹ̀ṣẹ̀ ni?

* * *

Ọmọ mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dáhùn. Ìdí aró ni wọ́n bí mi sí. Ìyá tó bí ìyá mi pa aró, ìyá mi pa aró, èmi náà ti ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, ó lé lógún ọdún. Torí náà, bí àwọn kan bá ń ka ọ̀rọ̀ yìí bí ìwàásù, ọ̀rọ̀ ọjà ló jẹ́ létí tèmi.

Mo ní ẹjọ́ bá pásítọ̀ yín, mo ní ẹjọ́ bá ìwọ náà. Ti pásítọ̀ ni n ó kọ́kọ́ rò.

Wọ́n ní o ò ní ìfẹ́. Ìfẹ́ ta ni? Ọ̀rẹ́ rẹ ni wọ́n ń rò, torí òun ló sunkún lójú wọn. Obìnrin tó wọ mọ́tò láti Èkó láàárọ̀ kùtù, tó ka owó àdìrẹ sílẹ̀ fún aṣọ ẹ̀rọ, òun ńkọ́? Kò sí nínú ìjọ yín, ẹ ò mọ orúkọ rẹ̀, kò sì mọ ilé pásítọ̀ débi tó máa lọ sunkún níbẹ̀. Síbẹ̀ òun gan-an ni ọmọnìkejì tí orí 4 yẹn ń wí. Ẹ wo bí Pọ́ọ̀lù ṣe tò ó. Ẹsẹ 25 ní ká pa irọ́ tì, ká máa bá ọmọnìkejì wa sọ òótọ́. Ẹsẹ 28 ní kí ẹni tó ń jalè má jà á mọ́, kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ kó lè rí nǹkan fún aláìní. Ẹsẹ 29 ló wá kan ọ̀rọ̀ ẹnu tó ń gbé ẹlòmíì ró. Irọ́, olè, ọ̀rọ̀ ẹnu, orí ìjókòó kan náà ni wọ́n wà. Ẹni tó kọ ọ́, àgọ́ ló ń pa jẹun. Ó mọ bí ọjà ṣe ń rí.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn kò kan ìfẹ́, kò tíì ka orí yẹn tán.

Ẹjọ́ tìẹ, ìbéèrè ni mo fi ṣe. Ọdún méjì lo ní ó ti ń tà á. Láàárín ọdún méjì yẹn, ẹ̀ẹ̀melòó lo lọ bá a nílé?

* * *

Oníbéèrè: Ẹ ṣé, mà. Ká má parọ́, mi ò lọ rí. Mo rò pé ó máa bínú sí mi.

* * *

Ó ti bínú báyìí ná.

Má rò pé mò ń fi ọ́ ṣẹ̀fẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kó o rí nìyẹn. Tó o bá lọ bá a ní yàrá rẹ̀, ìwọ ni òótọ́ yẹn máa ná ní nǹkan: ó lè lé ọ jáde, ó lè bú ọ, ọ̀rẹ́ ọdún mẹ́sàn-án lè bàjẹ́, kò sì sí ẹni tó máa rí ọ kó yìn ọ́. Nínú kíláàsì, òun ló san gbogbo owó náà. Ìwọ jókòó padà, olùkọ́ ṣeé ṣe kó ní "àpẹẹrẹ tó dáa nìyẹn."

Ọ̀nà tí mo fi ń wọn òótọ́ ẹnu mi nìyẹn láti bí ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Mo máa ń bi ara mi pé, ta ni òótọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí máa ná? Tó bá jẹ́ ẹlòmíì nìkan ló máa ná, tí kò ní já kọ́bọ̀ kan lára mi, mo máa ń fura sí ara mi. Mátíù 18:15 kò fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́: bí arákùnrin rẹ bá ṣẹ̀, lọ bá a, ìwọ àti òun nìkan. Ẹlẹ́rìí, ìpele kejì ni. Ìjọ, ìpele kẹta. Ìpele kẹta lo ti bẹ̀rẹ̀.

* * *

Mo rí i pé ilé ti kún, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí ti ń dá sí i. Ẹ jẹ́ kí n kó ọ̀rọ̀ yín jọ, torí ẹ ń sọ ohun kan náà lóríṣiríṣi.

Àwọn kan ní òótọ́ korò, kí onítọ̀hún gbé e mì, ohun tó bá gbìn ló ń ká. Àwọn kan ní kì í ṣe gbogbo òótọ́ là ń sọ, ká bo àṣírí ara wa, ìfẹ́ a máa bo ọ̀pọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹnì kan láti Àṣẹ̀rò kọ ọ́ pé, "Òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké," ó ní kí oníbéèrè fi olọ́jà sílẹ̀ kó rí oúnjẹ ọmọ rẹ̀.

Ìwọ tó o ní òótọ́ korò: ewúro náà korò, àmọ́ ẹni tó fẹ́ kí á jẹ ẹ́ máa ń fọ̀ ọ́ kó tó sè é. Kí lo fọ̀?

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìfẹ́ a máa bo ẹ̀ṣẹ̀, òótọ́ ni, ó wà nínú Pétérù kìíní. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ mí ni mo lè bò. Ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń ṣẹ ẹlòmíì lọ́wọ́, tí ẹni tó máa jìyà rẹ̀ ń bọ̀ lọ́la láti Èkó, mi ò ní àṣẹ láti bá a bò ó. Tí mo bá bò ó, oníjìbìtì méjì la di.

Ará Àṣẹ̀rò, mo mọ òwe yẹn dáadáa, iwájú ìsọ̀ mi ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ẹni tó kọ́kọ́ pa á ń kẹ́dùn ni. Ẹ ti wá sọ ọ́ di ìwé àṣẹ.

* * *

Ẹnì kan ní kí n yé ṣe bí ẹni mímọ́, pé gbogbo ọlọ́jà ló ń parọ́, èmi náà ti pa á rí.

Mo ti pa á rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Oṣù Kẹsàn-án ọdún kan ni, ojo ò dá. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: o lè fi àbẹ́là tẹ aṣọ, o lè rẹ ẹ́ sínú aró, tí oòrùn kò bá ràn, inú ilé ni gbogbo rẹ̀ ń kọ́ sí, tí á máa rùn. Ìyá ìyàwó kan ti san owó ìdì 40 fún mi, aṣọ ẹbí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Nígbà tí ọjọ́ pé, 26 ló gbẹ. Mo lọ ra 14 tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀, bátànì wọn jọ ara wọn gan-an, mo fi wọ́n sáàárín. Ìyá ìyàwó dúpẹ́, ó gbé wọn lọ. Kò mọ̀. Àwọn àlejò tó wọ̀ ọ́ pàápàá ò mọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó kàn mí láti darí àdúrà ní ìpàdé àwọn ìyá. Mi ò ní parọ́ fún yín pé áńgẹ́lì bá mi sọ̀rọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé mo fẹ́ ka ẹsẹ kan nípa òṣùwọ̀n èké, ó wà nínú Òwe 11, ohùn mi kọ̀ láti jáde. Mo ní ọ̀fun ń dùn mí. Irọ́ kejì nìyẹn.

Mo pe ìyá ìyàwó lọ́jọ́ kejì, mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo kó owó 14 yẹn padà, kì í ṣe ìyàtọ̀ owó nìkan, gbogbo rẹ̀. Àjọ tí mo ń dá fún owó ilé-ìwé àbíkẹ́yìn mi ni mo já. Ọkọ mi bi mí pé ta ló rán mi níṣẹ́.

Ẹ̀ ń retí ibi tí ẹ̀rí máa ti dùn, àbí? Pé obìnrin náà mú oníbàárà mẹ́wàá wá? Kò mú ẹyọ kan wá. Ó gba owó rẹ̀, ó ní Ọlọ́run á dárí jì mí, kò sì tún ra aṣọ lọ́wọ́ mi dòní. Mo rí i lẹ́ẹ̀kan ní Kútọ̀, ó kí mi, ó kọjá. Ọmọ mi pẹ́ kó tó san owó ilé-ìwé lọ́dún yẹn, wọ́n lé e wálé lẹ́ẹ̀mejì.

N kì í jẹ́rìí yìí nínú ṣọ́ọ̀ṣì, torí àwọn èèyàn kì í mọ ibi tí wọ́n máa ti pàtẹ́wọ́.

* * *

Àbúrò tó bèèrè bá a ṣe ń mọ àdìrẹ ọwọ́ yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ: yí aṣọ náà sẹ́yìn. Àdìrẹ oníko tí wọ́n fi ìko dì, àti alábẹ́là tí wọ́n fi àbẹ́là tẹ̀, aró máa ń mu ún dé ẹ̀yìn. Ẹlẹ́kọ tí wọ́n fi ẹ̀kọ láfún ya, ẹ̀yìn rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn bí iwájú, àmọ́ aró á wà níbẹ̀. Ti ẹ̀rọ, ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣá bí aṣọ tó ti pẹ́ lórí okùn. Lẹ́yìn náà, wo bátànì. Ohun tí ọwọ́ èèyàn ṣe, ẹyẹ kan á sanra ju ìkejì lọ, ìlà kan á wọ́ díẹ̀. Tí gbogbo rẹ̀ bá dọ́gba ṣánṣán láti etí dé etí, kọ̀ǹpútà ló yà á.

Ó sì dáa kí n fi kún un: aṣọ ẹ̀rọ yẹn fúnra rẹ̀ kò ṣẹ̀. Ó fúyẹ́, kò wọ́n, ó wúlò fún ẹni tí kò lówó àdìrẹ. Orúkọ tí wọ́n ń pè é lọ́jà ni ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú rẹ̀.

* * *

Bàbá kan ní láyé àwọn ìyá wa, irú èyí kò sí, ojúlówó ni gbogbo wọn ń ṣe. Ẹ má bínú sà, mo ní láti tako yín. Nígbà tí aró òyìnbó àti kọ́sítíìkì sódà dé, àwọn aláró Abẹ́òkúta gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, torí ó yá ju elú, ewé tí a fi ń ṣe aró, lọ. Elú ni kí wọ́n gún un, kí wọ́n ṣù ú, kí wọ́n sẹ́ omi eérú, kí wọ́n dúró kí ìkòkò pọ́n. Nígbà tó yá, àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé aṣọ ń ṣá, ó ń gbó. Láàárín àwọn ọdún 1930, Aláké Adémọ́lá Kejì fòfin de kọ́sítíìkì àti aró òyìnbó. Àwọn ìyá wa kò gbà. Iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní 1936.

Mi ò sọ ọ́ kí n lè bú àwọn ìyá mi. Ọ̀rọ̀ tó wà níwájú ìgbìmọ̀ yẹn náà ló wà níwájú wa yìí: ẹni tó ń rà ń sọ pé "wọ́n tàn mí," ẹni tó ń tà ń sọ pé "kí ni n ó jẹ?" Àwọn méjèèjì ló ń sọ òótọ́. Ìfẹ́ tí kò bá gbọ́ ìbéèrè kejì yẹn, òfin lásán ni.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ bi ọ́, oníbéèrè: ṣé o mọ ìdí tí ọ̀rẹ́ rẹ fi bẹ̀rẹ̀? Ọdún méjì sẹ́yìn, kí ló ṣẹlẹ̀ sí i?

* * *

Bí oníbéèrè ṣe ń ronú, ẹ jẹ́ ká dáhùn àwọn tó ń bèèrè nípa irọ́ kéékèèké.

Tí wọ́n bá ní "ẹ wá jẹun" tí mo ní "á gba ibi ire," tí ebi sì ń pa mí, irọ́ kọ́. Ẹni tó pè mí mọ̀, èmi náà mọ̀. Àṣà wa ló ń sọ̀rọ̀. "Mo ti dé Pàǹsẹ́kẹ̀" nígbà tó o ṣì wà nínú balùwẹ̀, irọ́ ni, jọ̀ọ́, ẹnì kan wà nínú oòrùn tó ń dúró dè ọ́. Rírán ọmọ pé kó lọ sọ fún alájọ pé "màmá mi ò sí nílé" burú ju méjèèjì lọ, torí o ti fi ọmọ kọ́ṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ kó Ráhábù wá, àti àwọn agbẹ̀bí Íjíbítì, Ṣífúrà àti Púà, pé àwọn náà purọ́: mo gbọ́. Wọ́n fi ẹ̀mí ara wọn wewu kí ẹlòmíì lè yè. Ṣé ẹ rí i pé àwọn ni irọ́ yẹn fẹ́ ná? Ní Ìtòkú, Fáráò kankan kì í lé wa. Owó àjọ ló ń lé wa.

* * *

Arábìnrin tó ní wọ́n purọ́ ikú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún ìyá wọn, mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbí.

Nílẹ̀ wa, a kì í ṣàdédé tú ọ̀fọ̀ fún àgbà. Wọ́n á kọ́kọ́ ní ara onítọ̀hún ò yá, àwọn àgbàlagbà méjì mẹ́ta á wá jókòó, wọ́n á béèrè bóyá ìyá ti jẹun, ọ̀rọ̀ á máa wọlé díẹ̀díẹ̀. Mi ò pe ìyẹn ní irọ́. Ìfọ̀ ewúro tí mo wí lẹ́ẹ̀kan nìyẹn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kú, ẹ̀rù bà wá jù. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko la fi ń sọ fún ìyá wa pé ó wà ní ọsibítù, pé ó ń jẹ ẹ̀kọ díẹ̀díẹ̀. Ìyá ń se ẹ̀kọ. Ó ń rọ ọ́ sínú fúláàsì, a ń gbà á lọ́wọ́ wọn, a ń gbé e jáde bí ẹni ń lọ ọsibítù, a ń dà á nù sí gọ́tà ní kọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n wá mọ̀, wọ́n ò bú wa. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Òkú lẹ jẹ́ kí n máa se oúnjẹ fún." Ọdún bíi méje ni wọ́n tún gbé láyé, wọn ò se ẹ̀kọ mọ́.

Ká sọ pé ìfẹ́ la fi ṣe é? Mo rò pé ẹ̀rù la fi ṣe é. A ò fẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ké. Ara wa là ń gbà sílẹ̀, a fi ìyá bojú. Wákàtí díẹ̀ ì bá tó láti wá àwọn àgbà méjì. Ọjọ́ mẹ́rin pọ̀ jù.

* * *

Ẹni tó bèèrè ọ̀rọ̀ jẹ́nótáìpù, n ò ní pẹ́ níbẹ̀. O ní AS ni ọ̀rẹ́ rẹ, AS ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ọmọkùnrin náà lọ gba ìwé irọ́ tó ní AA láti fi han ìjọ, ọmọbìnrin ò mọ̀, ìwọ mọ̀, ìgbéyàwó ku oṣù méjì. Gbogbo oyún tí wọ́n bá ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ni kí ọmọ náà jẹ́ SS. Lọ bá ọmọkùnrin yẹn lálẹ́ òní, fún un ní ọjọ́ mẹ́ta kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Tí ọjọ́ mẹ́ta bá pé tí kò sọ, ìwọ ni kó o sọ fún ọmọbìnrin náà. Wọ́n lè fẹ́ ara wọn síbẹ̀, ìyẹn kù sọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kí ojú àwọn méjèèjì là. Èyí kì í ṣe ibi tá a ti ń wá ẹsẹ Bíbélì kiri.

* * *

Olùkọ́ Bíbélì kan ta mí lólobó nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì dùn mọ́ mi. Ó ní nínú Éfésù 4:15, ibi tí Bíbélì wa ti sọ pé ká máa "sọ òtítọ́ ní ìfẹ́," ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó wà níbẹ̀ fẹ̀ ju "sọ" lọ. Ó ní ó sún mọ́ kéèyàn jẹ́ òótọ́, kó máa ṣe òótọ́, kó tó kan ẹnu. Mo mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí aláró: tí aró bá wọ inú òwú, o lè yí aṣọ sẹ́yìn.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, sà. Kí ẹ má wá fi ìyẹn gba àwọn tí kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ sílẹ̀ o. Àwọn kan á ní àwọn ń "ṣe" òótọ́, ẹnu wọn á sì dákẹ́ títí ọ̀rẹ́ wọn á fi ṣubú sí kòtò.

* * *

Oníbéèrè: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. Mo lọ. Mo lọ lálẹ́, mi ò mú ẹnikẹ́ni dání. Ó kọ́kọ́ ní kí n padà. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Nígbà tó yá, ó ṣílẹ̀kùn.

Mo bẹ̀ ẹ́ nítorí kíláàsì, mi ò bẹ̀ ẹ́ nítorí aṣọ. Mo wá sọ tèmi fún un. Èmi ni mo ń tọ́jú owó ẹgbẹ́ akọrin, mo ti yá nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láìsọ fún ẹnikẹ́ni, mo sì ti dá a padà. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ó wò mí títí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní "Ìwọ yìí náà!" Mo ti sọ fún olórí akọrin láàárọ̀ yìí, wọ́n ti gba àpò owó lọ́wọ́ mi.

Ó ní ọdún méjì sẹ́yìn, ẹni tó ń bá òun pa aró kó lọ sí Èkó, ó gbé owó ìdì 60 tí òun ti san sílẹ̀ lọ. Gbèsè ló fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta ti Ṣáínà. Ó ní tí òun bá ní ti ẹ̀rọ ni, kò sẹ́ni tó máa ra á ní iye yẹn. Kí ni kí n sọ fún un? Mi ò ní owó tí mo lè yá a.

* * *

O káre. Mi ò retí ti owó akọrin yẹn. Mo ka ibẹ̀, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ mu omi.

Òótọ́ ló sọ, kò sẹ́ni tó máa rà á ní iye yẹn. Kó sọ owó rẹ̀ kalẹ̀ ní iye tí aṣọ ẹ̀rọ ń jẹ́. Kó pín ìsọ̀ sí ọ̀nà méjì, kó gbé ti ẹ̀rọ sí apá kan, kí ẹnu rẹ̀ má wá ohun méjì pè é: "Ti ẹ̀rọ nìyí, ti ọwọ́ nìyẹn." Oníbàárà Èkó tó bá fojú ara rẹ̀ rí méjèèjì ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ọ̀pọ̀ ìgbà, ti ọwọ́ ló máa rà. Mo ti rí i. Àwọn kan á rà lára ti ẹ̀rọ, wọ́n á sì mọ ohun tí wọ́n rà. Ìyá rẹ̀ tó ti kú, kó jẹ́ kó sùn.

Àwọn oníbàárà àtẹ̀yìnwá, èyí tó bá ní nọ́ńbà wọn, kó máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí agbára rẹ̀ bá ṣe ká a. Sákéù ní ìlọ́po mẹ́rin lòun máa san, Sákéù lówó. Kó bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹyọ kan. Kó má retí pé wọ́n máa yìn ín, mo ti sọ ti ìyá ìyàwó fún yín.

Ti ọwọ́ tó máa gbé sí apá kejì ló kù, torí kò lówó tó máa fi rà á. Mo ní ìdì 20 tó ti gbẹ, ẹlẹ́kọ mẹ́jọ, alábẹ́là méjìlá. Mo lè gbé wọn fún un láwìn, kó san án díẹ̀díẹ̀ títí di oṣù Ọ̀pẹ. Ọkọ mi á tún bi mí pé ta ló rán mi níṣẹ́.

Fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, n ó júwe ìsọ̀ mi.

* * *

Oníbéèrè: Mo mọ ìsọ̀ yín, mà. Láti ọjọ́ tí ẹ ti sọ ọ̀rọ̀ ìyá ìyàwó ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni ìyá ìyàwó yẹn.

* * *

Háà.

Bá mi kí wọn. Kí ọ̀rẹ́ rẹ tètè dé ní ọjọ́ Ajé, kó tó di aago mẹ́wàá, torí a ní ìpàdé ìyá lọ́sàn-án. Kó mú báàgì ńlá dání, ìdì 20 kì í wọ ọ̀rá.